Ògì Kò Kọ́ Inú Ọmọ Màlúù Níṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi kan tí wọ́n ń sin màlúù díẹ̀ lẹ́bàá Ìsẹ́yìn ni wọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Màlúù kan bímọ tán, ó kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ó fi ọmọ sílẹ̀. Kò sí mílíìkì nítòsí, ni wọ́n bá ń po ògì, wọ́n ń da ṣúgà sí i, wọ́n ń fi ìgò rọ ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n máa fi pè mí, ọmọ màlúù yẹn ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Èmi tí mo kàwé nípa ẹran ọ̀sìn ni wọ́n máa ń pè nírú ìgbà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ni mò ń ṣe jẹun báyìí. Mo ní kí wọ́n dá ògì dúró, kí wọ́n fún un ní omi tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí, kí wọ́n sì wá mílíìkì màlúù mìíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú.

Wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní: "Àbúrò, ṣebí bí inú bá ṣe ń rí nǹkan jẹ ló ṣe ń mọ̀ ọ́n? Tí mo bá ń fún un díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ṣé inú ẹ̀ ò ní kọ́ bí wọ́n ṣe ń da ògì ni?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò rí bẹ́ẹ̀ fún màlúù o." Wọ́n ní, "Kí ló dé?"

Ìbéèrè yẹn bá mi jí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Bí wọ́n bá ń fi oúnjẹ onísítáàṣì, irú ògì, bọ́ èkúté nínú ilé ìwádìí, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ẹ́ńsáìmù, èròjà tí ara fi ń da oúnjẹ, èyí tó ń da sítáàṣì, ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú wọn ń wo ohun tó ń wọlé, ó sì ń múra sílẹ̀ dè é. Kí ló wá ṣe màlúù tí tirẹ̀ fi yàtọ̀?

## Inú ọmọ yàtọ̀ sí inú ìyá

Ẹni tó bá ti ra ṣàkì lọ́jà mọ̀ pé inú màlúù kì í ṣe àpò kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni. Lára àgbà, àpò ńlá tí koríko ń kọ́kọ́ bọ́ sí ló gba ààyè jù, inú rẹ̀ sì ni àìmọye kòkòrò àìfojúrí ti ń jẹ koríko náà kí màlúù fúnra rẹ̀ tó rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Lára ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àpò ńlá yìí kò tíì já mọ́ nǹkan. Àpò kẹrin, èyí tó jọ ikùn tiwa, ló tóbi jù, òun ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Bí ọmọ bá ti ń mu ọmú, iṣan kan nísàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀ á ká jọ, á di ojú ọ̀nà tí mílíìkì ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ńlá láìwọ inú rẹ̀, tààrà sínú àpò kẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ọ̀nà yìí sọ́kàn. Orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi máa padà dá lé.

Nínú àpò kẹrin, ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní chymosin á mú kí mílíìkì náà dì. Ẹ́ńsáìmù yìí ni àwọn ará Yúróòpù ti ń yọ nínú ikùn ọmọ màlúù láti ayébáyé láti fi ṣe wàrà tiwọn. Àwọn obìnrin Fúlàní tí wọ́n ń ta wàrà fún wa kò pa ọmọ màlúù kankan nítorí ìyẹn. Omi ewé bomubomu ni wọ́n ń lò, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ìkòkò. Ìdí tí dídì yẹn fi ṣe pàtàkì fún ọmọ ni pé mílíìkì tó bá dì kì í sáré kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ́, purotéènì inú rẹ̀ sì ń dé ìfun kékeré fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ohun tí inú ọmọ màlúù gbọ́n nínú rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí nìyẹn: mílíìkì. Ó ní lactase dáadáa, èyí tó ń da ṣúgà inú mílíìkì. Ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó da ṣúgà ìrèké, irú èyí tí à ń fi mu tíì, kò sí nínú ìfun rẹ̀ rárá. Nítorí náà ṣúgà tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń mú ògì dùn ń kọjá bó ṣe wà, ó ń fa omi mọ́ra sínú ìfun, àwọn kòkòrò ìsàlẹ̀ ń bá a ṣe ọdún, ìgbẹ́ gbuuru sì ni èrè rẹ̀. Ní ti sítáàṣì inú ògì, amylase ni ẹ́ńsáìmù tó ń dà á. Páńkíríásì, ẹ̀yà ara pẹlẹbẹ kan tó fara sin sítòsí ibi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀, ló ń ṣe é. Ti ọmọ tuntun kéré gan-an, ó sì ń pọ̀ sí i bó ṣe ń dàgbà. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Odindi ìgò ògì fún ọmọ màlúù tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹrù àgbà ni.

Títí dé ibí yìí, ohun tí gbogbo ẹni tó bá kàwé ẹran ọ̀sìn mọ̀ ni mo ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kò béèrè bóyá ọmọ náà lè da ògì lónìí. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá yóò kọ́ ọ.

## Ohun tí wọ́n rí ní Kentucky

Alẹ́ kan ni mo kan iṣẹ́ tí David Harmon àti akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Yunifásítì Kentucky, ní Amẹ́ríkà, ní 1995. Àwọn akọ màlúù tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni wọ́n lò. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ sún mọ́ ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi débi pé ó yà mí lẹ́nu: bí sítáàṣì bá dé ibi tí amylase ti ń ṣiṣẹ́, kí ni páńkíríásì máa ṣe?

Kò rọrùn láti mọ̀, nítorí bí ẹ bá fi sítáàṣì bọ́ àgbà màlúù lẹ́nu, àwọn kòkòrò inú àpò ńlá ló máa kọ́kọ́ jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ò ní mọ èyí tó dé ìfun. Nítorí náà, wọ́n gba ojú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ da sítáàṣì tí wọ́n ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ sínú àpò kẹrin tààrà, wọ́n sì gba omi tí páńkíríásì ń tú jáde, wọ́n wọn ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀.

Amylase dín kù.

Mo dúró lórí ibẹ̀ pẹ́. Ká ní wọ́n sọ pé kò pọ̀ sí i ni, mi ò bá kàn ka ìyókù lọ, ká sọ pé màlúù ò gbọ́n tó èkúté, ó parí. Ṣùgbọ́n ó dín kù. Sítáàṣì dé ẹnu ọ̀nà, páńkíríásì sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí ọgbọ́n orí wa ń sọ fún wa nípa àṣà àti ìdánrawò, pé iṣẹ́ ló ń kọ́ni níṣẹ́, pé ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ á mọ́ni lára, ẹran yìí kò gba ìkankan nínú wọn gbọ́. Bí ẹ bá ń da ògì sí i lójoojúmọ́ pẹ̀lú èrò pé inú rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ máa tì í sẹ́yìn ni.

Èyí tó wá kàn mọ́ ọn ló jẹ́ kí n dìde jókòó dáadáa. Lẹ́yìn 2000, àwọn ará Kentucky yìí kan náà tún dán nǹkan mìíràn wò. Wọ́n da casein, purotéènì tó pọ̀ jù nínú mílíìkì, sí ibi tí wọ́n ti ń da sítáàṣì tẹ́lẹ̀. Amylase pọ̀ sí i. Purotéènì kì í ṣe ohun tí amylase ń dà. Kò kàn án rárá. Síbẹ̀ purotéènì ló mú kí páńkíríásì pèsè ohun èlò tí wọ́n fi ń da sítáàṣì. Àwọn onímọ̀ ní South Dakota náà rí i lẹ́yìn náà pé bí casein bá bá sítáàṣì àgbàdo rìn wọ ìfun, sítáàṣì tí ìfun kékeré ń dà á pọ̀ ju ìgbà tí sítáàṣì dá rìn lọ. Kódà nígbà tí wọ́n fi glutamic acid nìkan rọ́pò casein, ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn èròjà tí purotéènì ń fọ́ sí, ìrànlọ́wọ́ wà níbẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ó sì yí mi lójú padà. Inú màlúù ń kọ́ṣẹ́ o. Olùkọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀ sí ẹni tí a rò.

Èrò tèmi nípa ìdí rẹ̀ rèé. Ẹ wo ohun tí ìfun màlúù ti ń rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Koríko ló ń jẹ, sítáàṣì inú koríko kò sì tó nǹkan. Bó bá tilẹ̀ wà, àwọn kòkòrò àpò ńlá á ti yanjú rẹ̀ lókè. Ohun tó ń ṣàn dé ìfun kékeré lójoojúmọ́ ni òkú àwọn kòkòrò yẹn fúnra wọn, purotéènì ló sì kún ara wọn. Ẹran tí ara rẹ̀ bá ti bá irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ gbé fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ó bójú mu kó jẹ́ pé purotéènì ni yóò máa fi mọ̀ bóyá oúnjẹ gidi dé. Bí purotéènì bá pọ̀, ìdààmú kò sí, kó tú gbogbo ẹ́ńsáìmù jáde. Bí kò bá sí, kó fọwọ́ mú nǹkan rẹ̀ dáadáa. Ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀, purotéènì ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Ẹni tí kò ní kì í ná.

## Nínú ogún, leucine

Purotéènì tó bá dé ìfun á fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ yẹn là ń pè ní amínò ásíìdì. Ogún ni wọ́n nínú oúnjẹ tí ara ń lò láti mọ purotéènì tirẹ̀. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé: èwo nínú ogún yìí ló ń bá páńkíríásì sọ̀rọ̀?

Ibi tí wọ́n ti lé ìbéèrè yìí jù ni ìlú Yangling, ní ìpínlẹ̀ Shaanxi, ní Ṣáínà, níbi tí Northwest A&F University wà. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀, lára ewúrẹ́ oní-mílíìkì, lára ẹgbọrọ màlúù Holstein, irú màlúù oní-mílíìkì, lára ọmọ màlúù tó ṣì ń mu mílíìkì, àti lára páńkíríásì ọmọ màlúù tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ sínú àwo nínú ilé ìwádìí. Amínò ásíìdì méjì ló gba orúkọ jù lọ́wọ́ wọn: leucine àti phenylalanine.

Leucine kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ mílíìkì. Inú wàrà ni Joseph Proust, ará Faransé, ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní 1819. Nínú gbogbo purotéènì mílíìkì, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni leucine. Ohun tó sì mú un yàtọ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ amylase, ó sì tún ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì páńkíríásì pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n. Ẹ wo bíríkìlà tó jókòó sábẹ́ igi níbi iṣẹ́. Bí onílé bá wá ń ka iye yàrá tó fẹ́ fún un láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní dìde. Ọjọ́ tó bá rí ọkọ̀ tó gbé búlọ́ọ̀kù wọlé ni yóò bọ́ ẹ̀wù. Sítáàṣì ni iye yàrá; leucine ni búlọ́ọ̀kù tó dé.

Ohun tó ń rí búlọ́ọ̀kù náà nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní mTOR, ìtàn bí wọ́n ṣe rí i sì dùn létí. Ní 1964, àwọn onímọ̀ kan ti Kánádà lọ sí erékùṣù Rapa Nui láàárín òkun Pàsífíìkì, wọ́n bu erùpẹ̀ ibẹ̀ bọ̀. Nínú erùpẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí kòkòrò àìfojúrí kan tó ń ṣe èròjà kan, wọ́n fi orúkọ erékùṣù náà pe èròjà yẹn ní rapamycin. Ọdún 1990 ti wọlé kí wọ́n tó mọ ohun tí rapamycin ń dì mú nínú sẹ́ẹ̀lì, ohun náà ni wọ́n sọ ní mTOR. Ó wà lára màlúù, ó wà lára èmi àti ẹ̀yin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo bóyá èròjà wà nílẹ̀, kó tó gba sẹ́ẹ̀lì láàyè láti mọ purotéènì tuntun. Leucine wà lára ohun tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu jù. Nígbà tí wọ́n da leucine sórí páńkíríásì ọmọ màlúù nínú àwo ní Yangling, ìṣesí mTOR àti àwọn tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ yí padà, amylase àti trypsin tó ń da purotéènì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ó yẹ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí, nítorí àwọn tó ń kọ̀wé fún àwọn àgbẹ̀ máa ń pò wọ́n pọ̀. Kí páńkíríásì mọ ẹ́ńsáìmù tuntun jẹ́ ọ̀kan. Kó tú èyí tó ti mọ tẹ́lẹ̀ dà sínú ìfun jẹ́ òmíràn. Leucine lágbára níbi mímọ. Níbi títú dà, họ́mọ́ọ̀nù kan wà tí ìfun kékeré máa ń rán lọ bá páńkíríásì, CCK lorúkọ rẹ̀, láti 1928 ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Phenylalanine wà lára àwọn amínò ásíìdì tí wọ́n mọ̀ pé wọ́n ń jí họ́mọ́ọ̀nù yìí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Páńkíríásì tó kún tí kò sí ẹni tó ní kó tú jáde, àti èyí tí wọ́n ń ké sí tí kò ní nǹkan nínú, ìkankan kò wúlò fún ọmọ.

Ẹ má sì sáré lọ ra leucine oníyẹ̀fun. Ohun kan tó ń jáde léraléra nínú iṣẹ́ Yangling ni pé ìwọ̀n àti àkókò ló ń pinnu. Ìwọ̀n kan ń ran ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́, èyí tó bá kọjá rẹ̀ kò fi kún un mọ́, ó sì lè mú un wálẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ní wákàtí àkọ́kọ́ lè yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n máa rí bó bá pẹ́. Leucine tó pọ̀ lápọ̀jù tún máa ń da àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì rú, isoleucine àti valine, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni ara fi ń ná àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn mílíìkì gẹ́gẹ́ bí oògùn ju èyíkéyìí tó wà nínú àpò lọ: inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ti wà ní ìwọ̀n tí ọmọ màlúù mọ̀.

## Ojú ọ̀nà tó ń pa dé

Mo ní kí ẹ fi ojú ọ̀nà tí mílíìkì ń gbà yẹra fún àpò ńlá sọ́kàn. Ibi tó ti wúlò nìyí.

Bí ẹ bá fi leucine bọ́ àgbà màlúù lẹ́nu lásán, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ní dé ìfun. Àwọn kòkòrò àpò ńlá á tú u ká, wọ́n á yọ ohun tí wọ́n fẹ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń lo rọ́bà, ìdí nìyẹn sì ni àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ẹran fi ń fi ọ̀rá bo amínò ásíìdì kí àwọn kòkòrò má bàa rí i jẹ. Owó kékeré kọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń mu ọmú kò nílò rọ́bà, kò nílò ọ̀rá. Gbogbo amínò ásíìdì tó bá wà nínú mílíìkì ló ń gba ojú ọ̀nà tirẹ̀ dé àpò kẹrin, tó ń dì, tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ dé ìfun. Nínú gbogbo ayé màlúù, ìgbà yìí nìkan ni ohun tí olówó rẹ̀ fi bọ́ ọ ń dé ọ̀dọ̀ páńkíríásì rẹ̀ bó ṣe jáde lọ́wọ́ olówó. Bí ọmọ bá ti ń fi ẹnu kan koríko, tí ó ń jẹ àpọ̀jẹ, àpò ńlá ń jí nìyẹn. Láàárín oṣù mélòó kan, àwọn kòkòrò á ti gba ilé. Láti ìgbà náà lọ, ẹ ò bọ́ màlúù mọ́. Àwọn kòkòrò lẹ̀ ń bọ́, òkú wọn ni màlúù ń jẹ.

Èyí ló mú kí n máa ronú nípa èèpo pákí. Ìhà tiwa níbí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí koríko bá gbẹ, èèpo pákí ni ọ̀pọ̀ ẹran ń jẹ. Ní Ìbàdàn, àwọn ará ILRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ti àgbáyé, ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń rin èèpo yìí, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n ń sá a, kó lè di oúnjẹ ẹran tí kò ní májèlé tí kò sì ní bu. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ló kún inú èèpo pákí. Purotéènì rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹgbọrọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, tí wọ́n dà á sórí èèpo pákí nìkan, sítáàṣì ni wọ́n gbé fún un, wọn kò sì fún un ní ohun tó máa jẹ́ kó rí i dà. Bí a bá fi ewé àgúnmáníyè kún un, tàbí èérí ẹ̀pà, tàbí èérí èkùrọ́, àwọn kòkòrò á rí purotéènì fi pọ̀ sí i, òkú wọn á sì gbé amínò ásíìdì dé ìsàlẹ̀. Ọ̀nà jínjìn ni, àmọ́ ó ń débẹ̀.

Fún ọmọ tuntun tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mílíìkì àkọ́jáde tó ki ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì, láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n bí i, nítorí àwọn ọmọ ogun ara tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mílíìkì màlúù mìíràn, tàbí mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, tí wọ́n fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò. Àwọn kan máa ń sáré sí ẹ̀wà sóyà. Sóyà tútù ní ohun kan nínú tó ń dí trypsin lọ́wọ́, iná ló ń pa á. Kódà èyí tí wọ́n sè dáadáa, inú ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í fẹ́ ẹ. Gbogbo aláńgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run: ọmọ màlúù tó ń mu omi sóyà lè dúró gbọn-in lójú wa, kí ìfun rẹ̀ máa bàjẹ́ lọ.

## Ta ló ń mu mílíìkì náà?

Bí mo ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ yìí kiri, ibì kan ni mi ò fẹ́ dé, ibẹ̀ náà ni mo sì bá ara mi. Mo fẹ́ràn wàrà. Mo fẹ́ èyí tí wọ́n dín, tí wọ́n fi ata sí, ju ẹran lọ. Lítà mílíìkì kan ní bíi gíráàmù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n purotéènì, nínú èyí tí leucine tó bíi gíráàmù mẹ́ta. Casein ló pọ̀ jù nínú purotéènì yẹn, casein yẹn gan-an ló sì ń di wàrà nínú ìkòkò. Ohun tí àwọn ará Kentucky ń fi rọ́bà dà sínú màlúù kí amylase lè pọ̀, òun ni wọ́n ń gé lé ewé fún mi lọ́jà.

Ní gáà, ọmọ màlúù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tú sílẹ̀ láàárọ̀ kó fi ẹnu kan ọmú kí mílíìkì lè wálẹ̀, wọ́n á wá fà á kúrò, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀, wọ́n á fún mílíìkì sínú ìgbá. Èyí tó bá kù ni tirẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìyá kò rí koríko jẹ, èyí tó kù lè má tó ẹnu. Ìgbà yẹn náà sì ni wàrà ń gbówó lórí.

Mi ò ní bá wọn jà. Láàárín àwọn Fúlàní, ọkùnrin ló ni màlúù, ṣùgbọ́n obìnrin ló ni mílíìkì tó bá wọ inú ìgbá, owó rẹ̀ sì ni ó fi ń ra ọkà, iyọ̀ àti aṣọ ọmọ. Ẹni tó bá lọ bá ọkọ rẹ̀ ṣe ìpàdé nípa ìlera ọmọ màlúù, tó ní kí wọ́n fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọmọ, àpò ìyàwó ló ń tọwọ́ bọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti jókòó nírú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo wà níléèwé, àwọn ọkùnrin ló kún ibẹ̀, gbogbo wọn gbà, a pàtẹ́wọ́, a lọ sílé.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní olùrànlọ́wọ́ àwọn dáràndáràn fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa irú màlúù tí wọ́n máa kó wá láti ìlú òyìnbó, tó máa tú lítà mílíìkì púpọ̀ jáde. Èmi rò pé ọmọ tó wà nílẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ mójú tó. Màlúù funfun tó ń kọjá lójú títì wa kì í tú ju lítà díẹ̀ lóòjọ́, a sì ń pín in láàárín ẹnu méjì. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni ọmọ nílò rẹ̀ jù, nígbà tí ojú ọ̀nà yẹn ṣì ṣí, tí gíráàmù leucine kan tó bá mu ṣì jẹ́ gíráàmù kan tó dé ìfun rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé lè ràn án lọ́wọ́, èérí lè ràn án lọ́wọ́. Mílíìkì nìkan kọ́ ló gbẹ́kẹ̀ lé mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni wọ́n ní kí n lọ bá wọn sọ ọ́, ọmú mẹ́rin ni màlúù ní: méjì fún ọmọ, méjì fún ìgbá, títí oṣù méjì fi máa pé, kí wọ́n tó máa fún mẹ́ta. Mo mọ̀ pé owó wàrà á dín kù láàárín oṣù méjì yẹn, ẹni tó bá sì fẹ́ kó ṣeé ṣe gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àfikún owó náà ti máa wá: bóyá kí ọkọ fi èyí tó bá yá tà nínú àwọn ẹran náà ṣe ìpín fún un, bóyá kí àwa tó ń ra wàrà san díẹ̀ sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn. Obìnrin tó mú ìgbá lọ́wọ́ ni màá kọ́kọ́ bá dúnàá dúrà, kí n tó kí ọkọ rẹ̀.